Àwọn màlúù àlejò dá ṣáṣá, àwọn onílé ń ṣàìsàn: ta ló ń purọ́?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Abo màlúù mẹ́fà ni mo rà lọ́jà, tí ọkọ̀ ajàgbé kó wọn láti òkè Ọya wá sí oko mi lẹ́bàá Ìsẹ́yìn. Ara wọn le, wọ́n ń jẹun dáadáa. Ọ̀kan nínú wọn ń tiro díẹ̀, ẹni tó ń bá wa tọ́jú ẹran sì gún un ní abẹ́rẹ́ "dexa" fún ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn màlúù tí mo ti ń sìn tẹ́lẹ̀ ni imú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣomi, ojú wọn pọ́n, wàrà wọn já wálẹ̀. Lẹ́yìn náà, oyún oṣù mẹ́fà wálẹ̀ lára ọ̀kan nínú wọn. Àwọn mẹ́fà tuntun ò ṣe nǹkan kan. Dókítà ẹran tó wá wò wọ́n ní fáírọ́ọ̀sì herpes ni, pé ara àwọn tuntun ló ti wá. Ẹni tó tà wọ́n fún mi búra pé màlúù òun ò ṣàìsàn rí. Lóṣù kejì, a fi òwú nu imú mẹ́ta nínú wọn fún àyẹ̀wò, wọ́n ní àwọn ò rí fáírọ́ọ̀sì kankan. Ta ló ń purọ́? Oògùn wo ló lè fọ gbogbo ẹ̀ kúrò nínú agbo mi, àbí kí n ta àwọn mẹ́fà náà? Mo tún ń gbèrò láti ra akọ Friesian kan lọ́dún tó ń bọ̀.

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àdánù o. Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò.

Kò sí ẹni tó ń purọ́ nínú wọn. Ẹni tó ta màlúù fún yín lè máa sọ òótọ́ délẹ̀délẹ̀, ọ̀rọ̀ dókítà yín lè rí bẹ́ẹ̀, kí èsì àyẹ̀wò náà sì tún tọ̀nà. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe lè jẹ́ òótọ́ pa pọ̀ ló máa gba àlàyé díẹ̀. Ti oògùn ò gba àlàyé rárá, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán báyìí kí ẹ má baà náwó dànù: kò sí. Màlúù tó bá ti kó fáírọ́ọ̀sì yìí lẹ́ẹ̀kan, títí ọjọ́ ikú rẹ̀ ló máa gbé e. Ohun tó wà ní ìkáwọ́ wa ni kí a mọ ohun tó ń jí i, kí a má fi ọwọ́ ara wa jí i.

Orúkọ rẹ̀ ni bovine herpesvirus 1, BoHV-1 ní ìkékúrú. Ẹbí herpes tóbi, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹranko tí kò ní tirẹ̀. Àwa ènìyàn ní tiwa: èyí tó máa ń tú èéwo wẹ́wẹ́ sí ètè lẹ́yìn ibà líle jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ti màlúù kì í ran ènìyàn, nítorí náà ẹ fọkàn balẹ̀ lórí ìyẹn. Lórí oyún tó wálẹ̀, ẹ má tíì fọkàn balẹ̀. Mo ń bọ̀ níbẹ̀.

Ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, ní California àti Colorado, ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àìsàn imú àti ọ̀nà ọ̀fun, ní àwọn ọdún 1950, níbi tí wọ́n ti ń kó màlúù rẹpẹtẹ jọ sójú kan láti bọ́ wọn sanra. Àwọn ará Jámánì ní tiwọn ti mọ egbò abẹ́ màlúù tí fáírọ́ọ̀sì kan náà ń fà láti ọ̀rúndún tó ṣáájú ìyẹn. Ní Nàìjíríà, ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn oníṣègùn ẹran ti ń rí àmì rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ màlúù wa. Kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ń sin ẹran kì í sábà dárúkọ rẹ̀, torí pé ọ̀fìnkìn lásán ni wọ́n máa ń pè é.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí màlúù kọ́kọ́ kó o. Imú, ojú tàbí abẹ́ ló ń gbà wọlé: màlúù kan sín, èkejì fà á símú, tàbí kí wọ́n jọ ti ẹnu bọ ọpọ́n omi kan. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́rin, fáírọ́ọ̀sì ti ń pọ̀ nínú awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó tẹ́ inú imú, ó ń pa sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀, ó sì ń tú àìmọye ọmọ jáde sínú ikun. Ibà á mú màlúù náà, imú á pọ́n, omi á máa dà lójú. Tí àwọn kòkòrò mìíràn tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ kò bá rí àyè wọlé lásìkò yẹn, ara rẹ̀ á le láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tó ni ín á ní ó ti lọ.

Kò lọ. Àwọn iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó ń jẹ́ kí màlúù mọ̀ pé nǹkan kàn òun nímú tàbí pé nǹkan ń ta òun níbẹ̀, inú awọ yẹn gan-an sì ni ẹnu àwọn iṣan náà wà. Fáírọ́ọ̀sì ń wọ ẹnu iṣan, á bọ́ aṣọ òde rẹ̀ sílẹ̀, á sì gba inú iṣan náà gòkè títí dé ibi tí ara sẹ́ẹ̀lì iṣan wà, nínú kókó kan tó wà nínú agbárí nísàlẹ̀ ọpọlọ, tí àwa oníṣègùn ń pè ní trigeminal ganglion. Èyí tó bá gba abẹ́ wọlé, àwọn kókó iṣan tó wà nítòsí egungun ìdí ló ń lọ. Wọ́n tún ti rí i nínú bèlúbèlú ọ̀nà ọ̀fun.

Nínú awọ imú, gbogbo jíìnì rẹ̀, ìyẹn àwọn àṣẹ tó wà lára DNA rẹ̀, tó tó nǹkan bí àádọ́rin, ló ń ṣiṣẹ́ tẹ̀lé ara wọn títí sẹ́ẹ̀lì á fi bẹ́. Nínú sẹ́ẹ̀lì iṣan, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. DNA rẹ̀, tó gùn tó lẹ́tà 135,000, á ká yípo di òrùka, á sì jókòó jẹ́ẹ́ sínú nukiléọ̀sì, yàrá àárín sẹ́ẹ̀lì. Kò ní bímọ, kò ní ṣe purotéènì jáde. Bẹ́ẹ̀, purotéènì àjèjì tó bá yọ sí ojú sẹ́ẹ̀lì ni àwọn ọmọ ogun ara fi ń mọ̀ pé ọ̀tá wà nínú rẹ̀. Níbi tí purotéènì kò sí, kò sí ẹni tí wọ́n máa mú. Ara náà kì í sì í yá láti pa sẹ́ẹ̀lì iṣan, torí èyí tó bá kú nínú wọn, òmíràn kì í dìde rọ́pò rẹ̀. Ibùgbé tó dára ju ìyẹn lọ ṣòro láti rí.

Ẹ wo iṣu tó kù sínú ilẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ewé ti gbẹ, okùn rẹ̀ ti dá, ẹni tó bá ń kọjá á ní ilẹ̀ lásán ni. Ẹ ro ó, ẹ dáná sun ún, iṣu ṣì wà nísàlẹ̀. Òjò àkọ́rọ̀ ló máa fi í hàn. Oògùn tí a ní, àti antibody, purotéènì tí ara màlúù fúnra rẹ̀ ń ṣe láti fi bá àrùn jà, ewé ni wọ́n lè mú.

Ṣùgbọ́n sísùn yẹn kì í ṣe òkú oorun. Apá kan wà lára DNA náà tó ń ṣiṣẹ́ gidi lásìkò tí gbogbo ìyókù dákẹ́. Jíìnì LR ni wọ́n ń pè é. Ibi tó jókòó sí wú mi lórí títí dòní. Orí ibi kan náà tí jíìnì mìíràn tó ń jẹ́ bICP0 wà ló wà, ṣùgbọ́n òdìkejì ni wọ́n ti ń kà á. bICP0 jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá tó ń jí àwọn jíìnì yòókù sí iṣẹ́. Nígbà tí LR bá ń ṣiṣẹ́, ó ń tẹ bICP0 mọ́lẹ̀. Ó tún ń ṣe iṣẹ́ kejì: sẹ́ẹ̀lì tó bá fura pé fáírọ́ọ̀sì ti wọ inú òun sábà máa ń pa ara rẹ̀, LR ni kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì iṣan ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Nebraska dán èyí wò lára ọmọ màlúù, iṣẹ́ náà sì jáde ní 2002. Wọ́n ba jíìnì LR jẹ́ lára fáírọ́ọ̀sì kan, wọ́n fi ran àwọn ọmọ màlúù, wọ́n dúró títí ó fi sùn, wọ́n wá fún wọn ní oògùn tó máa jí i. Fáírọ́ọ̀sì tí LR rẹ̀ pé jí. Èyí tí wọ́n bà jẹ́ kò jí.

Oògùn tí wọ́n fi jí i ni dexamethasone. Ẹ̀gbọ́n, "dexa" yín nìyẹn.

Nígbà tí màlúù bá wà nínú ìnira, ara rẹ̀ ń tú họ́mónù cortisol sínú ẹ̀jẹ̀. Ìnira tí mo ń wí ò ní láti jẹ́ àìsàn. Kí wọ́n tò ó há mọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí ọkọ̀ láti òkè Ọya wá, láìjẹ láìmu, oòrùn lọ́sàn-án, otútù lóru. Kí ó sọ̀kalẹ̀ sáàárín màlúù tí kò mọ̀ rí, kí wọ́n máa kàn án níwo. Ọjọ́ tó máa bímọ. Ọjọ́ tí wọ́n já a lẹ́nu ọmú. Cortisol á wọ inú sẹ́ẹ̀lì iṣan, á so mọ́ purotéènì kan tó ń gbà á níbẹ̀, àwọn méjèèjì á wá jọ lọ dì mọ́ DNA níbikíbi tí wọ́n bá ti rí àmì kan tí wọ́n mọ̀. Ara màlúù ló ni àmì yẹn, fún iṣẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n BoHV-1 ní méjì irú rẹ̀ lára DNA tirẹ̀ náà, ní ojú ibi gan-an tí iṣẹ́ bICP0 àti ti bICP4, ọ̀gá kejì, ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ni pé fáírọ́ọ̀sì yìí ń ka ìnira màlúù tààrà láti inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun ara kan tún wà tó ń ṣọ́ agbègbè kókó iṣan náà tọ̀sán-tòru. Cortisol tó bá pọ̀ ń dín àwọn náà kù. Ọ̀gá jí, ẹ̀ṣọ́ sì lọ, lẹ́ẹ̀kan náà.

Dexamethasone jẹ́ ẹ̀dà cortisol tí ènìyàn ṣe, agbára rẹ̀ sì fi ìlọ́po púpọ̀ ju ti ara lọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni àwọn onímọ̀ ti ń lò ó láti jí fáírọ́ọ̀sì yìí nígbàkigbà tí wọ́n bá fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ nípa rẹ̀, kò sì sí ohun mìíràn tó dájú tó o. Àwọn onímọ̀ ìlú Liège ní Belgium fi hàn ní àwọn ọdún 1980 pé ìrìn ọkọ̀ tó láti jí i, pé ìbímọ náà tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n lára àwọn màlúù kan ni, kì í ṣe gbogbo wọn. Dexa fún ọjọ́ mélòó kan léraléra kì í sábà tàsé.

Mi ò sọ pé dexa burú. Mo ń lò ó, ó sì ti gba ẹ̀mí ẹran là lójú mi. Ohun tó ń bí mi nínú ni bó ṣe wà nínú àpò gbogbo ẹni tó bá ru abẹ́rẹ́ wọ oko: ẹran tiro, dexa, ẹran ò jẹun, dexa, ọkọ̀ ló rẹ̀ ẹ́, dexa. Màlúù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, tí cortisol tirẹ̀ ṣì kún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bámúbámú, la tún wá gún ní èyí tó lágbára jù ú lọ. Tí mo bá ní kí n wá ọ̀nà tí màá gbà kó BoHV-1 wọ inú agbo kan, bí mo ṣe máa ṣe é nìyẹn.

Ó máa ń tó bí ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún lẹ́yìn tó bá jí kí ó tó yọjú sí imú. Inú iṣan kan náà tó bá gòkè ló ń bá sọ̀kalẹ̀, á pọ̀ díẹ̀ nínú awọ imú, á máa bá ikun jáde fún ọjọ́ mélòó kan. Màlúù fúnra rẹ̀ kì í sábà mọ̀. Ara rẹ̀ ti bá ọ̀tá yìí jà rí, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ á ká a lọ́wọ́ kò kíákíá, antibody inú ẹ̀jẹ̀ á ga sí i, fáírọ́ọ̀sì á tún padà sùn. Kò sí ibà, kò sí omi ojú, oúnjẹ ń lọ geere. Ṣùgbọ́n ọpọ́n omi tó ti ẹnu bọ̀ láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn ni àwọn màlúù tiyín náà mu, àwọn tó dàgbà sínú oko yín tí wọn ò pàdé irú rẹ̀ rí. Àwọn yẹn ni kò ní ẹ̀ṣọ́ kankan fún un.

Èyí ni mo ṣe ní ẹni tó tà wọ́n lè má purọ́. Nínú agbo tirẹ̀, ó ṣeé ṣe kí gbogbo màlúù ti kó o ní kékeré, kí ọ̀fìnkìn ọjọ́ yẹn sì ti di ohun ìgbàgbé. Fáírọ́ọ̀sì á máa jí, á máa sùn láàárín wọn, kò sí ẹni tó máa ṣàìsàn torí kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ó lè jẹ́ lára màlúù tiyín kan ló ti jí, torí ìdàrúdàpọ̀ tí àwọn àlejò dá sílẹ̀. Ìyẹn náà máa ń ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, mi ò rò pé púpọ̀ nínú àwọn onílé á dùbúlẹ̀ kí àwọn àlejò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà máa yan fanda. Ọ̀rọ̀ dókítà yín ni mo fara mọ́.

Ó ku òwú imú. Òwú imú ń béèrè pé: ṣé fáírọ́ọ̀sì ń jáde lónìí? Oṣù kejì lẹ béèrè, nígbà tó ti padà sùn. Kódà kí ẹ lo PCR, àyẹ̀wò tó ń wá DNA fáírọ́ọ̀sì, èyí tó dára jù láyé, kò lè rí ohun tó wà nínú agbárí láti inú ikun imú. Ẹ̀jẹ̀ ló ń dáhùn ìbéèrè kejì: ṣé màlúù yìí ti pàdé rẹ̀ rí? Àyẹ̀wò ELISA ló ń wá antibody nínú ẹ̀jẹ̀, ìlànà tí a sì ń tẹ̀lé lórí rẹ̀ rọrùn. Màlúù tí wọn ò fún ní abẹ́rẹ́ àjẹsára BoHV-1 rí, tó ti kúrò lọ́mọdé, tí antibody sì wà lára rẹ̀, ó ń gbé fáírọ́ọ̀sì náà, bó ti wù kí ara rẹ̀ le tó. Mo ní tó ti kúrò lọ́mọdé nítorí pé ọmọ màlúù ń mu antibody ìyá rẹ̀ nínú wàrà àkọ́kọ́, ó sì lè ku díẹ̀ lára rẹ̀ títí dé oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibì kan wà tí ìlànà yìí ti ń já ènìyàn kulẹ̀, ó sì yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n. Ọmọ màlúù tó bá kó fáírọ́ọ̀sì nígbà tí antibody ìyá rẹ̀ ṣì pọ̀ lára rẹ̀ lè má ṣàìsàn, kó má sì ṣe antibody tirẹ̀, síbẹ̀ kí fáírọ́ọ̀sì ti gòkè sínú iṣan. Tó bá dàgbà, tí ti ìyá tán, ELISA á ní kò ní nǹkan kan lára. Irú wọn ò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n wà. Àwọn onímọ̀ mọ ọ̀nà kan tí wọ́n lè fi tú u fó: wọ́n á gún ẹran náà ní dexamethasone níbi tí kò sí ẹran mìíràn, wọ́n á máa nu imú rẹ̀ lójoojúmọ́, wọ́n á wo bóyá nǹkan máa jáde. Ti àwọn onímọ̀ nìyẹn, kì í ṣe ti oko yín.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí oyún tó wálẹ̀. BoHV-1 lè mú oyún wálẹ̀, pàápàá láàárín oṣù kẹrin sí ìkẹjọ, ó sì lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí ọ̀fìnkìn ti lọ. Tiyín bá a mu. Síbẹ̀, nílẹ̀ wa, màlúù tí oyún bá wálẹ̀ lára rẹ̀, brucellosis ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, ìyẹn sì ń ran ènìyàn gidigidi. Ẹ má fi ọwọ́ lásán gbé ọmọ tàbí ibi tó bá wálẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ gbẹ́ ilẹ̀ jinlẹ̀ sin ín kí ajá má hú u, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ilé mu wàrà tí wọn ò sè. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ màlúù náà wò fún méjèèjì. Ẹ tún bi ẹni tó ń tọ́jú ẹran yín léèrè, láì bá a jà, bóyá ó gún abo yẹn náà ní dexa. Dexamethasone fúnra rẹ̀ lè mú abo tó lóyún bímọ láìtọ́jọ́, pàápàá tí oyún bá ti dàgbà, láìsí fáírọ́ọ̀sì kankan níbẹ̀.

Ṣé kí ẹ ta àwọn mẹ́fà náà? Rárá. Àwọn màlúù yín tó ṣàìsàn náà ti ń gbé fáírọ́ọ̀sì yìí báyìí gẹ́gẹ́ bí àwọn mẹ́fà náà. Títa wọn ò lè dá ọwọ́ aago padà. Ẹ gba ẹ̀jẹ̀ gbogbo agbo fún ELISA. Tó bá jẹ́ pé díẹ̀ ló mọ́, tí wọ́n sì jẹ́ ọmọdé, ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ kí ẹ fi wọ́n bẹ̀rẹ̀ agbo tó mọ́, tí àyè bá wà. Tó bá jẹ́ pé ó ti ran gbogbo wọn tán, ẹ gbà pé agbo oní-BoHV-1 lẹ ní, kí ẹ máa sin ín bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ agbo láyé ló ń gbé bẹ́ẹ̀ láìsí ariwo.

Sísìn ín bẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí pé dexa ò gbọdọ̀ wọ ara màlúù kan láìjẹ́ pé dókítà ẹran sọ ìdí rẹ̀. Abo tó fẹ́ bímọ gbọ́dọ̀ ní ibi ìdákẹ́jẹ́ tirẹ̀, tí àwọn ẹran kékeré kò ti ní fa imú mọ́ ọn. Ẹ má ṣe já ọmọ lẹ́nu ọmú, kí ẹ fi irin jó o lára, kí ẹ sì tún kó o lọ sí pápá tuntun lọ́sẹ̀ kan náà, bí mo ṣe máa ń rí i. Ẹran tuntun, ọjọ́ ọgbọ̀n níbi tó jìnnà, pẹ̀lú ọpọ́n omi tirẹ̀. Àwọn ni kí wọ́n bọ́ kẹ́yìn lójúmọ́. Ẹ gba ẹ̀jẹ̀ wọn lọ́jọ́ tí wọ́n dé àti lọ́jọ́ tí ọgbọ̀n ọjọ́ bá pé. Àmọ́ ẹ má ṣì í gbọ́ o: ìyàsọ́tọ̀ yẹn kì í fọ màlúù tó ń gbé fáírọ́ọ̀sì mọ́. Ohun tó ń ṣe ni pé èyí tí ìrìn ọkọ̀ bá jí á ti padà sùn kí wọ́n tó bá tiyín pàdé. Tí agbo tiyín bá sì ti jẹ́ oní-BoHV-1, àlejò tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́ ló wà nínú ewu. Ẹ má ra irú rẹ̀ nínú oyún. Ti ọpọ́n àti ilé ẹran ò le: fáírọ́ọ̀sì yìí ní aṣọ ọ̀rá, ọṣẹ, oògùn apakòkòrò àti oòrùn ọ̀sán ń pa á.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà láyé fún un. Kì í lé èyí tó ti sùn jáde, kò sì lè fi gbogbo ara dí i lọ́wọ́ láti wọ iṣan, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí àìsàn dín kù, kí èyí tó ń jáde nímú sì kéré. Àwọn kan nínú rẹ̀ jẹ́ fáírọ́ọ̀sì ààyè tí wọ́n ti rẹ̀ sílẹ̀, irú yẹn sì lè wọ iṣan sùn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Òmíràn nínú wọn lè mú oyún wálẹ̀ lára abo tí kò pàdé BoHV-1 rí. Èyí tí wọ́n yọ gE, ọ̀kan nínú àwọn purotéènì fáírọ́ọ̀sì náà, kúrò lára rẹ̀ ló dára jù, torí ELISA lè fi ìyàtọ̀ hàn láàárín màlúù tó gba abẹ́rẹ́ náà àti èyí tó kó fáírọ́ọ̀sì gidi. Ẹ má ra èyíkéyìí lọ́wọ́ ẹni tó gbé e sínú báàgì lójú ọ̀nà. Àwọn ará Netherlands, pẹ̀lú gbogbo ètò wọn, ní láti dá àjẹsára BoHV-1 tí wọ́n sọ di dandan dúró ní 1999, nígbà tí wọ́n rí fáírọ́ọ̀sì àìsàn mìíràn nínú àwọn ìgò kan.

Àwọn orílẹ̀-èdè kan ti lé e jáde pátápátá: Denmark, Switzerland, Austria, Sweden, Finland, Jámánì darapọ̀ mọ́ wọn ní 2017. Ẹ̀jẹ̀ gbogbo màlúù ni wọ́n yẹ̀ wò, wọ́n pa èyí tó ń gbé e tàbí wọ́n yọ ọ́ kúrò díẹ̀díẹ̀, ìjọba sì fi owó sí i. Lójú tèmi, kò tíì sí ọ̀nà tí a lè gbà ṣe é níbí, níbi tí agbo mẹ́wàá ti ń mu odò kan lọ́jọ́ kan. Ẹni tó bá ní ọgbà tirẹ̀ bíi tiyín lè ṣe é fún oko tirẹ̀.

Ní ti akọ Friesian, ẹ ronú sí i dáadáa. Akọ tó bá kó o lábẹ́ ń gbé e nínú kókó iṣan ìdí, ó sì lè máa bá àtọ̀ jáde láìsí egbò tí ojú lè rí. Otútù tí wọ́n fi ń tọ́jú àtọ̀ kì í pa á. Ńṣe ló ń tọ́jú òun náà. Tó bá jẹ́ àtọ̀ dídì lẹ máa rà, ẹ bèèrè ìwé tó fi hàn pé akọ náà wá láti ibi tí BoHV-1 kò sí. Tó bá jẹ́ akọ fúnra rẹ̀ lẹ fẹ́, tí agbo yín sì ti ń gbé fáírọ́ọ̀sì náà, ẹ má kó akọ tó mọ́ wọlé lásìkò tí ẹ nílò rẹ̀ lórí abo, torí ibà máa mú un, ibà yẹn á sì ba àtọ̀ rẹ̀ jẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ mú un dé ṣáájú. Owó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ò tó nǹkan lára owó akọ Friesian: ẹ jẹ́ kí wọ́n gbà á lẹ́ẹ̀mejì, kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wà láàárín wọn, kí ẹ tó san ìyókù owó.